Ìbàràpá Méje àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Tó Tọ́ Sí Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìbàràpá dáadáa lónìí, ọ̀nà Ìbàdàn ni yóò gbà. Àwọn ìwé tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa ẹkùn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ewé, èèpo àti òdòdó tí àwọn onímọ̀ já nínú igbó àti ọ̀dàn, tí wọ́n tẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ páálí, wà ní Jẹ́ríkò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí igbó fún ìjọba àpapọ̀. Irú páálí bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ níbẹ̀. Èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì Igbó-Ọrà àti lórí sòbìà Ìdéré wà nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní òkè òkun. Ìlú méje ni Ìbàràpá: Èrúwà, Lànlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdéré, Àyétẹ̀, Tápà àti Igàngán. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ kankan nínú méjèèje.

Kò sí iyèméjì pé Ìbàràpá ní ohun tí ojú lè wò. Ohun tó yẹ ká jíròrò ni irú ilé tó yẹ kó kó wọn jọ, ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn, àti ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn, mo sì ti wo ohun tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ibi tí ọkàn mi dúró sí ni pé, ilé tó bá ya ìtàn ènìyàn nípá kúrò lára ìmọ̀ nípa ilẹ̀, omi, ewé àti ẹranko kò ní lè sọ ìtàn Ìbàràpá já. Níbòmíràn ó lè ṣeé ṣe. Níhìn-ín, ìkan ló bí èkejì.

Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Èṣìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ère òkúta tó lé ní 1,000 wà nínú igbó ìlú náà, àwọn ará ìlú sì ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, tó pe àkíyèsí ìjọba sí wọn ní 1933. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Èṣìẹ́ ni pé wọn kò kó àwọn ère náà lọ sí Èkó. Ilé ni wọ́n lọ kọ́ bá wọn. Jọ́ọ̀s tẹ̀lé e ní 1952, Ifẹ̀ ní 1954, Oníkàn ní Èkó ní 1957. Ní 1979 ìjọba ológun gbé Òfin 77 jáde, ó fi dá àjọ NCMM sílẹ̀ láti máa bójú tó gbogbo wọn. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, pẹ́ kó tó rí tirẹ̀ gbà: ọdún 2002 ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìṣọ̀kan ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Alésinlóyè.

Nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló gba iwájú: ère, idẹ, aṣọ, ìlù, ìkòkò. Ìmọ̀ nípa ẹ̀dá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó di ti àwọn yunifásítì. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ilé àkójọ ẹ̀dá tí ẹyẹ, ejò, kòkòrò, òkúta àti eegun ẹranko wà nínú rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, ó tún ní ti àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ìtàn. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní àkójọ kòkòrò àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn pamọ́ sí nínú òtútù. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, mi ò sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló sábà máa ń wọ ibẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gúsí bàrà ní Àyétẹ̀ kò mọ̀ pé irúgbìn wà nínú òtútù ní Ìbàdàn, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti abúlé kò sì lè dé ibẹ̀ àfi bí olùkọ́ rẹ̀ bá là á lóòógùn.

Jọ́ọ̀s ló sún mọ́ ohun tí mò ń wí jù. Àwọn tó ń wa tánńganran lórí òkè Jọ́ọ̀s ni wọ́n ń hú orí amọ̀ Nok jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní orí Jemaa, akọ̀wé ibi ìwakùsà kan ló gbé e lọ sí oko iṣu rẹ̀ kó máa fi dẹ́rù ba ẹyẹ, kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg láàárín àwọn ọdún 1940. Láìsí ìmọ̀ nípa bí omi ṣe ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ, kò sí ẹni tí ìbá mọ bí orí náà ti pẹ́ tó nínú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀s, wọ́n fi ọgbà ẹranko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń wá pẹ̀lú ọmọ wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Horniman tó wà ní gúúsù ìlú náà, tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ti da ẹranko, ìlù àti ère pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan láti 1901. Ilé náà ni mo máa padà sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, nítorí ohun mìíràn tó ṣe ní 2022.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ilé. Orí òkúta ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Òkúta tó wà lábẹ́ Ìbàràpá jẹ́ ti àtijọ́ gan-an, ó le, kò sì gba omi sínú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní gneiss àti gíránáìtì. Ibi tó bá ti yọ sókè, ó di àpáta tí ènìyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní apá ìwọ̀-oòrùn Ọ̀yọ́ fi ṣe odi. Òkè Adó, tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí bí wọ́n ṣe ń gbé lókè. Nígbà tí Ìjàyè ṣubú ní 1862, tí agbára Ìbàdàn wá gbilẹ̀ dé apá ibí, ìdí tí gígun òkè fi ṣe pàtàkì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ènìyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Òkúta tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun ló tún fi òùngbẹ pọ́n wọn lójú. Nílẹ̀ báyìí, omi kì í pọ̀ ju èyí tó bá wà nínú erùpẹ̀ tó rọ̀ lórí àpáta àti èyí tó bá wọ ibi tí àpáta ti sán. Wọ́n á gbẹ́ kànga títí, wọ́n á kan òkúta. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kànga á gbẹ. Nígbà náà, adágún ló kù, omi tí gbogbo ilé ń bù, tí àwọn tó ń bù ú sì ń tẹsẹ̀ bọ̀. Inú adágún bẹ́ẹ̀ ni sòbìà ti rí ilé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí sòbìà, nítorí mo gbà pé òun ló yẹ kó gba yàrá àkọ́kọ́. Nínú omi adágún, ẹ̀dá kékeré kan wà tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Ọmọ aràn náà ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá mu omi náà ti gbé ọmọ aràn mì, kò sì ní mọ nǹkan kan fún bíi ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ á wú, á ta, á yọ ilé omi, aràn tó lè gùn tó mítà kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí jáde. Nítorí oró rẹ̀, aláìsàn á lọ ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù, aràn á da ọmọ rẹ̀ sínú adágún, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù, nígbà tí iṣẹ́ oko wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní àkókò yẹn, ebi ọdún tó ń bọ̀ ti dé sí ilé rẹ̀ nìyẹn.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ ní Ìdéré. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tó gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé kò kan omi. Wọn kò lè fi àṣẹ yí èrò yẹn padà. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú kan ní iṣẹ́ ìlera, àwọn wọ̀nyí sì ń rán asẹ́ aṣọ ọ̀rá tó ki, wọ́n ń tà á fún ará ilé àti ará oko láti máa fi sẹ́ omi. Ohun tó kéré báyìí, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, wà lára ohun tó dá aràn náà dúró. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988, àwọn tó ní sòbìà lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní orílẹ̀-èdè yìí, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán.

Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2008 kò mọ ohun tí à ń wí. Èyí gan-an ni iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tó bá ṣì wà nígboro, ènìyàn lè lọ wò ó nígboro. Ohun tó ti lọ, tí a sì ń gbàdúrà kó má padà, ibo ni a óò ti rí i bí kò bá sí ilé kan tó tọ́jú aràn náà sínú ìgò ọtí, tó fi asẹ́ Ìdéré kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gé àpáta Èrúwà sílẹ̀ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, kó sì dá omi sí i lórí kó rí i pé omi kò wọlé? Yàrá kan péré: òkúta, omi, aràn, asẹ́. Ẹni tó bá yí i ká ti mọ ìdí tí ìlú fi wà níbi tó wà, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ṣàìsàn, àti bí ìlú ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ni yóò sọ fún mi pé ìtàn ni èyí tàbí pé ìmọ̀ ẹ̀dá ni?

Ti ìbejì ni ayé mọ̀ jù, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Nylander, oníṣègùn ní Ìbàdàn, ka ìbímọ ní Igbó-Ọrà, ó rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, ti ìbejì lé ní 40. Ní Yúróòpù nígbà náà, bíi 12 ni. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ọbẹ̀ ilasa ni, àwọn mìíràn ń sọ pé iṣu ni. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì fìdí èyíkéyìí múlẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá sì jẹ́ olóòótọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ògiri bẹ́ẹ̀. Láti 2018 ni àjọ̀dún ìbejì ti ń kó àlejò wá sí Igbó-Ọrà lọ́dọọdún. Àlejò á wá, á ya fọ́tò, á jẹ, á lọ. Ó yẹ kó rí ère ìbejì tí a kọ orúkọ ìdílé tó ni ín àti ẹni tó gbẹ́ ẹ sí lára, kó sì rí ìwé tí àwọn agbẹ̀bí fi ń ka ọmọ, ní ibi kan náà.

Ìwádìí Nylander nìkan kọ́. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti fi Igbó-Ọrà ṣe ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gbé láàárín ìlú, tí wọ́n ń kọ́ bí àìsàn ṣe ń rí nílé kó tó dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ dókítà tó wà ní Nàìjíríà àti lẹ́yìn odi lónìí ló ti bu omi Igbó-Ọrà mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀ láti mọ iye ẹni tó ní wárápá. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, ó jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 1,000 ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ káàkiri ayé ń tọ́ka sí iye yẹn títí di òní. Àwọn ìyá àti bàbá tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, tó dáhùn ìbéèrè, tó na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́, kò sí ibi tí a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé gbèsè ni.

Ní Èrúwà fúnra rẹ̀, ẹnì kan wà tí mi ò lè fi ìlà méjì kọjá rẹ̀. Ní 1983 ni Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tó kàwé ní Ìbàdàn, wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èrúwà. Ní 1986 ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró sí Èrúwà títí ó fi kú ní 2015. Ó lè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; kò lọ. Ohun tó ṣe ni pé, gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n ń rà ní òkè òkun ní owó gọbọi, ó jókòó tì wọ́n, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì pe alurinmọ́rin, káfíńtà àti oníkẹ̀kẹ́ ìlú. Wọ́n ṣe tábìlì iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ooru pa kòkòrò àìsàn lára irinṣẹ́, pòpórò orí àgbàdo ló sì fi ń dáná rẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù. Òjò ni ó ń gbè sínú àgbá fún omi.

Èyí tó wù mí jù ni ti rímù kẹ̀kẹ́. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ tó kó tó fi ọ̀bẹ kàn án, á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, á sì mú kó yí gan-an títí ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ á fi sọ̀ sísàlẹ̀, tí omi rẹ̀ á wà lókè. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Dókítà Awójọbí so ọ̀pá gíláàsì náà mọ́ rímù kẹ̀kẹ́ ológeere, ó fi ọwọ́ yí i, ẹ̀jẹ̀ sì pínyà. Ẹ fi irú rímù bẹ́ẹ̀ sí àárín yàrá, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá yí i pẹ̀lú omi ẹrẹ̀ nínú ọ̀pá, kó rí i bí erùpẹ̀ ṣe ń yà kúrò lára omi. Ohun tí olùkọ́ fi oṣù kan ṣàlàyé lórí pátákó, ọwọ́ ọmọ náà á mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí irinṣẹ́ wọ̀nyí bá di irin àlòkù tí wọ́n ń wọ̀n tà, ìtìjú gbogbo wa ni.

Lànlátẹ̀ pẹ̀lú ní ohun tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1970 ni wọ́n gbé àwo irin ràgàjì kalẹ̀ síbẹ̀, ibùdó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pe Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó nígbà náà, ohùn rẹ̀ lè gba òfuurufú Ìbàràpá kọjá. Ilé-iṣẹ́ NET ló ń ṣe àkóso rẹ̀, kó tó di ara NITEL ní 1985. Ibùdó náà ti dákẹ́ tipẹ́. Oko ìgbìmọ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1959 ní àpẹẹrẹ ti Ísírẹ́lì, tí Èrúwà ní tirẹ̀. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó wá síbẹ̀ nígbà náà tó ìwé odidi kan, mo sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ ọ́.

Ti ewé àti ẹranko ńkọ́? Ìbàràpá wà ní ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ọ̀yà, òkété, ìgalà, awó, àparò, ẹ̀gà, àgbìgbò, erè, paramọ́lẹ̀: àwọn ọdẹ mọ wọn ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń gùn, ibi tí wọ́n ń sùn, ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń kì wọ́n. Ìmọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ilé náà tọ́jú kó tó tọ́jú awọ. Ẹranko tí a fi òwú kún inú rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀; ohùn ọdẹ tó mọ̀ ọ́n yóò sọ̀rọ̀. Ní ti ewé, Gbilé ti kó orúkọ Yorùbá wọn jọ sínú ìwé kan tí àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ ní 1984, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà kò lè mọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe ewé kan ní Tápà àti ní Igàngán.

Kòkòrò náà ní ìtàn. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó ń bímọ láìsí akọ wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń fa oje ẹ̀gẹ́ mu, ewé ń ká jọ, oko ń ṣófo. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA lọ wá ọ̀tá rẹ̀ rí ní Paraguay, agbọ́n kékeré kan tí ó kéré ju kíún lọ, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Kòkòrò funfun náà rọlẹ̀. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Gààrí tí à ń jẹ ní Èrúwà ní ọwọ́ agbọ́n náà nínú. Pátákó kan, abẹ́rẹ́ méjì, gíláàsì asọnǹkandi-ńlá kan: owó rẹ̀ kò tó ti ìnáwó ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ohun àwọn òrìṣà. Kì í ṣe gbogbo ohun ló yẹ kó wọ inú gíláàsì. Ère tó ṣì ní olùbọ, ilé rẹ̀ ni kó wà; iṣẹ́ tiwa ni kí a bi ìdílé bí wọ́n bá gbà kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mùsùlùmí bá jogún, tí kò fẹ́ rí mọ́, tó fẹ́ sun, ni kí ilé náà tètè na ọwọ́ gbà. Kí wọ́n sì tì í dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n kó àwọn orí lọ. Ohun tó ń ran ìjọba lọ́wọ́ láti gba irú ohun bẹ́ẹ̀ padà ni àkọsílẹ̀ àti fọ́tò tó ti wà kí olè tó dé. Ní 2022, ilé Horniman tí mo dárúkọ ṣáájú dá ìní ohun 72 tí wọ́n kó ní Benin ní 1897 padà fún Nàìjíríà. Ìwé ló jẹ́rìí: ó hàn nínú àkọsílẹ̀ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti wá àti bí ó ṣe kúrò nílé. Ère tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé tòun ni.

Nítorí náà ni mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ́ ilé ńlá. A ti rí ilé ńlá tí ikán ń jẹ àga inú rẹ̀, tí òjò ń jò sórí ìwé. Olùtọ́jú ni kó ṣáájú ilé. Jọ́ọ̀s ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí láti 1963, nígbà tí UNESCO ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìbàràpá, èyí tí Èrúwà, Igbó-Ọrà àti Àyétẹ̀ jẹ́ olú-ìlú wọn, dáwó jọ, kí wọ́n rán ọ̀dọ́ méjì lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò padà wá ṣiṣẹ́.

Ibo ni kó wà? Àwọn kan á ní ààfin. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ààfin Honmè tó jẹ́ ti Ọba Toffa ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìlú méje ni Ìbàràpá, ọba wọn kò sì ṣe é kó sábẹ́ ara wọn; ohun tí ìdílé Ìdéré bá gbé wá sí ààfin Èrúwà, ọ̀rọ̀ lè ti ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ iwájú. Mo fara mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Pólì Adéṣeun Ògúndóyìn wà ní Èrúwà, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ti ìpínlẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ti àwọn olùkọ́ wà ní Lànlátẹ̀. Yàrá méjì ní Èrúwà tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ti Igbó-Ọrà máa tọ́jú irúgbìn àti kòkòrò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lànlátẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọdé yí ilé náà ká. Kí wọ́n kọ gbogbo àkọlé ní Yorùbá ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tí arúgbó lè rí.

Àwọn kan á bi mí pé, nígbà tí ọ̀nà kò dára, tí oògùn kò sí ní ilé ìwòsàn, ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló kàn? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì fi ojú kékeré wò ó. Ìdáhùn mi ni pé owó tí mò ń sọ kò tó èyí tí yóò ṣe ọ̀nà kankan. Pákó méjì àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń tẹ ewé gbẹ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lè gba ohùn àgbà sílẹ̀. Ohun tó wọ́n ni sùúrù láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan: kí ni, ibo ni, ọjọ́ wo, ta ni ó fi í sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi ní ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, Ìdéré ni mo máa sọ, lọ́dún yìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí sòbìà ń jà ní 1980 ti lé ní 70 báyìí. Kí ọ̀dọ́ méjì lọ bá irú àwọn ìyá àti bàbá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n bi wọ́n léèrè adágún tí wọ́n ń bu omi rẹ̀, oṣù tí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ta asẹ́ fún wọn, iye tí wọ́n rà á. Kí wọ́n sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ní asẹ́ náà nínú àpótí.